Láti Ìdí Ìso dé Ilé Gàrí: Ìtàn Oúnjẹ Ewúrẹ́ àti Àgùntàn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Ohun tí a ti kọ lórí ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá dá lórí kòkó, iṣu àti gbágùúdá ju bí ó ti dá lórí ẹran ọ̀sìn lọ. Nínú ìwọ̀nba èyí tí ó mẹ́nu ba ẹran ọ̀sìn pàápàá, díẹ̀ ni ó bèèrè ohun tí ẹran náà ń jẹ. Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn láti ayé àtijọ́ títí di àkókò tí èèpo gbágùúdá di ọjà. Ohun mẹ́ta ni a yẹ̀ wò: ìṣọwọ́bọ́ ẹran ní agboolé, ètò oko àárín igi tí àwọn olùwádìí gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1970 sí 1990, àti sísọ èèpo gbágùúdá di oúnjẹ ẹran láti ọdún 2015. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe àìmọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń sọ ètò tuntun di ẹrù ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ni ẹran àti ẹni tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ já lé léjìká ni ó ń pinnu èyí tí yóò fìdí múlẹ̀. A dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi ìtàn yìí kọ́ni.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà nílé kí ewúrẹ́ kú sórí ìso. Ojúṣe àgbà láwùjọ ni a máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n fún òǹkọ̀tàn, ẹ̀rí mìíràn wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ rí, kò sí bí ìso yóò ṣe wọ inú òwe. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó jẹ́ dandan fún láti fún ẹran orí ìso ní ewé àti omi, kò ní sí ẹni tí a óò dá lẹ́bi bí ó bá kú. Òwe náà jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a so ẹran, kí a sì gbé oúnjẹ lọ bá a.

Ó ṣe pàtàkì kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń lò ní ilé-ìwé ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹran Yorùbá kàn ń jẹ̀ káàkiri ni, láìsí ìtọ́jú kankan, títí àwọn onímọ̀ fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé kò sí ohun tí òun lè rí kọ́ lọ́dọ̀ ìyá òun àgbà. Èrò tí iṣẹ́ yìí tako nìyẹn. A kò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò lè lóye ìdí tí ètò kan fi yọrí sí rere, tí òmíràn kò sì fi rí bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ kí ètò náà tó dé.

2. Ẹran Agboolé Láyé Àtijọ́

Irú ewúrẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá ni ewúrẹ́ kúkúrú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní West African Dwarf. Kò ga, kò sì tóbi, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kan tí ọ̀pọ̀ ẹran ńlá kò ní: ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Eṣinṣin yìí ni kò jẹ́ kí màlúù oníké àti ẹṣin lè gbèrú nínú igbó. Ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé fi èyí hàn dáadáa. Agbára ogun Ọ̀yọ́ dúró lórí àwọn ẹlẹ́ṣin, àríwá ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin náà. Nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ igbó ní gúúsù, àrùn a máa pa ẹṣin wọn. Yàtọ̀ sí àrùn, ẹṣin nílò ẹni tí yóò máa gé koríko fún un lójoojúmọ́, èyí tí ọba àti ìjòyè lè ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí agbára mẹ̀kúnnù kò ká. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ kò gbówó lórí, ó ń bímọ kíákíá, ìbejì kò sì ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀. Òun ni ẹran tálákà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín oúnjẹ ẹran agboolé sí láyé àtijọ́. Èkínní ni èyí tí ẹran ń wá fúnra rẹ̀ ní àkìtàn, ní etí ọ̀nà àti ní ẹ̀yìnkùlé. Èkejì ni ewé tí a ń já wá láti oko. Àwọn ewé igi bí ìyeyè, ọdán, akòko àti eèpín wà lára àwọn tí ewúrẹ́ fẹ́ràn. Ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ a máa di wọ́n ní ìdì, a sì so wọ́n rọ̀ sára ògiri tàbí sára òpó kí ẹran má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, ni àǹfààní ewé igi máa ń hàn jù, nítorí gbòǹgbò igi jìnnà nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ kò sì tètè rọ. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó bá ṣẹ́kù ní ìdí àdògán: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti eèrí tí a bá yọ nígbà tí a bá sẹ́ ògì.

Kò sí èyí tí ó ń ṣòfò nínú nǹkan wọ̀nyí. Èèpo tí ewúrẹ́ kò bá jẹ, iná lè jó o, eérú rẹ̀ a sì di ohun èlò aṣọṣẹ. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ti èèpo kòkó nígbà tí kòkó dé, ni àwọn obìnrin fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń rí i jẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní ètò tí kì í ba àyíká jẹ́ wà nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fún un lórúkọ.

Síbẹ̀, ètò yìí ní àléébù tirẹ̀. Ewúrẹ́ tí ń jẹ̀ káàkiri a máa ba oko olóko jẹ́, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so wọ́n nígbà tí ohun ọ̀gbìn bá wà lórí ilẹ̀ nítòsí ilé. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni ẹran náà kò sì rọrùn bí ó ti jọ lójú. Okali àti Sumberg (1985) ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí ewúrẹ́, àgùntàn, ọkùnrin àti obìnrin ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ohun tí a rí dì mú ni pé ẹran kì í ṣe ti ilé lápapọ̀. Oníkálukú ni ó ní tirẹ̀, obìnrin sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ni ín. Ènìyàn tún lè fi abo ewúrẹ́ fún ẹlòmíràn sìn, kí wọ́n sì jọ pín ọmọ rẹ̀. Bí a bá gbàgbé èyí, kò ní yé wa bí ètò tí a fi lọ baálé ilé ṣe lè kùnà ní ọ̀dọ̀ ìyàwó tí ó ni ẹran.

3. Gbágùúdá, Kòkó àti Ilé-ìwé

Gbágùúdá kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àbáláyé wa. Àwọn ará Potogí ni wọ́n gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti Bràsíl láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀, nítorí pé oró wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀ ni ìmọ̀ bí a ti ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀, tí a sì ń yan án di gàrí. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí wọ́n tan ìmọ̀ yìí kálẹ̀ ní Èkó àti àyíká rẹ̀.

Bí gàrí ṣe ń pọ̀ sí i ni èèpo gbágùúdá náà ń pọ̀ sí i. Èèpo tí a ń bó kúrò lára gbágùúdá tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú èèpo yìí gan-an ni oró náà pọ̀ sí jù. Èròjà kan tí ó ń jẹ́ linamarin wà nínú gbágùúdá, òun ni ó máa ń di sáyánáìdì nígbà tí a bá gé e tàbí tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn obìnrin kò mọ orúkọ linamarin, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé èèpo tútù tí ẹran bá jẹ ní àjẹjù lè pa á. Nítorí náà, wọ́n a máa sá a sóòrùn kí wọ́n tó fún ẹran jẹ. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti agbègbè Agége lọ sí Ìbàdàn, Ondó àti ibòmíràn. Oko wá ń jìnnà sí ilé. Ọkùnrin ń pẹ́ ní abúlé, ìdì ewé tí ó ń wọlé lálaalẹ́ sì dín kù. Lábẹ́ ìjọba àmúnisìn, wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àyíká ilé wò, ẹran tí ń jẹ̀ ní ìgboro sì di ohun tí òfin ń mú.

Ìyípadà mìíràn wà tí àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún 1955. Àǹfààní ètò náà kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ó ń já ewé, òun ni ó ń yí ìso ẹran padà, òun náà ni ó ń da ẹran wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ bọ́ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, iṣẹ́ yìí padà sọ́rùn ìyá. Ìyá tí ó ń bó gbágùúdá láti àárọ̀ kò lè tún lọ já ewé ní oko. Èèpo tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó rí fún ẹran. Lójú wa, àìráyè lọ já ewé kó ipa tó pọ̀ tó ti pípọ̀ gbágùúdá nínú bí èèpo rẹ̀ ṣe gba ipò ewé ní ọ̀pọ̀ agboolé.

4. Oko Àárín Igi: Ohun tí Ìbàdàn Gbìyànjú

Ìwádìí lórí oúnjẹ ẹran kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n V. A. Oyènúgà, ẹni tí ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àtúpalẹ̀ èròjà tí ó wà nínú oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ lórí èyí, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì náà gbé jáde ní ọdún 1968, di òpó tí àwọn olùwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ fara tì.

Ní ọdún 1967 ni a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìṣòro kan tí ó kọjú sí wọn ni pé ilẹ̀ kò rí àyè sinmi mọ́. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a fi oko sílẹ̀ di igbó fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí i. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, ọdún ìsinmi ń dín kù, ilẹ̀ sì ń ṣá. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, B. T. Kang, G. F. Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n gbin igi tí ó tètè ń hù ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kan sí èkejì tó nǹkan bíi mítà 4, wọ́n sì gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Bí igi náà bá ga, wọ́n a gé e, wọ́n a sì da ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀ kí ó jẹrà. Igi méjì ni wọ́n lò jù: Leucaena, àti Gliricidia tí a mọ̀ sí agúnmániyẹ̀. Mẹ́síkò àti ààrin gbùngbùn Amẹ́ríkà ni igi méjèèjì ti wá. Kòkòrò inú gbòǹgbò wọn ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí ó ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ILCA, àjọ àgbáyé fún ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní Addis Ababa ní ọdún 1974, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn ni wọ́n mú ẹran wọ inú ètò náà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí àgbẹ̀ fi èyí tí ó pọ̀ nínú ewé bọ́ ilẹ̀, kí ó sì gbé ìyókù lọ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ràn yìí lágbára. Nínú ewé agúnmániyẹ̀ tí a ti gbẹ omi rẹ̀, èròjà amáradàgbà ń kọjá ìdá kan nínú márùn-ún. Èèpo gbágùúdá ní èròjà afáralókun púpọ̀, ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kéré gan-an. Ẹran tí ó ń jẹ èèpo nìkan yóò yó, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Bí a bá fi ewé kún un, èkínní ń ran èkejì lọ́wọ́. Wọ́n tún gbógun ti àrùn PPR, tí ń fa ikun imú, ìgbẹ́ gbuuru àti ikú òjijì láàárín ewúrẹ́, nípa fífún ẹran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Wọ́n dán ètò náà wò pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó wà nítòsí Ọ̀yọ́ ní ìdajì àwọn ọdún 1980. Àwọn kan gbà á, wọ́n sì jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ bí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti rò. Kí ló dé?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Francis (1987) ṣàyẹ̀wò àjọṣe ètò ìní ilẹ̀ pẹ̀lú oko àárín igi ní Nàìjíríà. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó gbin igi tí ó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà. A lè yá àlejò ní ilẹ̀ kí ó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ, ẹjọ́ ti dé. Àwọn onílẹ̀ kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ agúnmániyẹ̀ àti ọ̀wọ́ kòkó. Nítorí náà, ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè gbin in láìgba àṣẹ. Obìnrin tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà nínú ipò yìí kan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ó sábà máa ń ni ewúrẹ́.

Ìdí kejì ni iṣẹ́. Bí a kò bá gé igi náà lásìkò, yóò bo àgbàdo mọ́lẹ̀. Àsìkò tí ó yẹ kí a gé e ni àsìkò tí iṣẹ́ oko ń wọni lọ́rùn jù. Ìdí kẹta ni ìrìnnà: oko wà níbì kan, ẹran wà ní ilé. Ta ni yóò ru ewé náà wálé? Ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, baba wà ní abúlé, ìyá sì wà ní ìdí gbágùúdá. A ti rí i pé ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1955.

Kò yẹ kí a pe ètò yìí ní òfo. Agúnmániyẹ̀ ṣì wà káàkiri, gẹ́gẹ́ bí ọgbà yí ilé àti oko ká, àti gẹ́gẹ́ bí igi tí a fi ń gbé iṣu dúró. Ibi tí àgbẹ̀ gbìn ín sí fúnra rẹ̀ ni ibi tí kò ti sí àríyànjiyàn ilẹ̀, tí kò sì jìnnà sí ilé. Ewé bọ́ sí ibi tí ó rọrùn fún un láti dé.

5. Láti Èèpo Ìdánù dé Èèpo Ọjà

Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Náírà já wálẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n fòfin de kíkó àlìkámà wọlé láti òkè òkun, òfin tí ó wà títí di ọdún 1992. Eèrí àlìkámà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlọ̀fúláwà ń tà fún olùsìn ẹran di ọ̀wọ́n. Àwọn olùwádìí tún kọjú sí èèpo gbágùúdá. Ní ọdún 1986 kan náà ni Adegbọla àti Asaolu ti Ifẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí a ṣe lè ṣètò èèpo gbágùúdá fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí ìwádìí kò tíì borí: omi inú èèpo. Bí oòrùn bá mú, ó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí èèpo tó gbẹ. Bí òjò bá ń rọ̀, kò ní gbẹ rárá. Yóò hu, yóò sì máa rùn. Bí àwọn ẹ̀rọ ìrin-gàrí ti ń pọ̀ sí i ni òkìtì èèpo ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Apá kan ń jẹrà sínú ilẹ̀, omi oró rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò, wọ́n sì ń dáná sun apá kejì. Nàìjíríà ni ó ń pèsè gbágùúdá jù lọ ní àgbáyé, ohun tí ó sì ń jáde lọ́dún ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 50 lọ. Ẹni tí ó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ṣírò èèpo rẹ̀ yóò mọ bí ìdánù náà ti tó.

Ní ọdún 2015, ILRI, àjọ tí ILCA di nígbà tí a pa á pọ̀ mọ́ ILRAD ti Nairobi ní ìdajì àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú IITA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, fi ọ̀nà àbáyọ kan hàn. Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí obìnrin agàrí kankan. Wọ́n rin èèpo tútù gẹ́gẹ́ bí a ti ń rin gbágùúdá, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi lè jáde, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì sá a tàbí wọ́n yan án. Láàárín wákàtí 6 sí 8, ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń fúnni ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ gbígbẹ. Èyí tí ó kúnná dára fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ nítorí afáralókun inú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ó ha dára fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù nítorí wọ́n lè lo ohun olókùn. Rírin yìí tún ń dín oró kù, nítorí ó ń jẹ́ kí linamarin tètè tú ká, kí gáàsì oró náà sì fò lọ.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí ó tuntun níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀rọ ìrin-gàrí ti wà nílẹ̀, jáàkì ti wà, asẹ́ ti wà, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì ti wà. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ ni ibi tí èèpo wà. Kò béèrè ilẹ̀ tuntun, kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí láàárín rẹ̀ àti oko àárín igi.

6. Ta Ni Ó Ni Èèpo?

Síbẹ̀, ìtàn kò jẹ́ kí a yọ̀ láìronú. Nígbà tí èèpo jẹ́ ìdánù, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Opó tí ó ní ewúrẹ́ méjì lè lọ kó o nínú apẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí ó bá di ohun tí ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ń rà ní tọ́ọ̀nù, oníẹ̀rọ lè má jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án mọ́. Ohun tí ó ṣe àyíká ní rere lè di ohun tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu ewúrẹ́ tálákà. Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ọjà nìkan. Ibi tí àwọn obìnrin bá ti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àwọn ni yóò pinnu iye tí yóò lọ sí ọjà àti iye tí yóò kù fún ẹran ilé.

Òfin pẹ̀lú ti sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin lórí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba ní ọdún 2016, Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e ní ọdún 2019, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù ní Nàìjíríà sì ṣe tiwọn ní ọdún 2021. Rògbòdìyàn tó wà láàárín darandaran màlúù àti àgbẹ̀ ni ó fa àwọn òfin náà. Ṣùgbọ́n òfin Èkìtì kò mọ sí màlúù nìkan. Ó kan àwọn ẹran mìíràn tí ń jẹ àpọ̀jẹ pẹ̀lú. Òfin lè sọ pé kí a so ẹran mọ́lẹ̀. Kò lè já ewé fún un. Bí a bá sọ fún ìyá àgbà pé kí ó má ṣe tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, tí èèpo gbágùúdá sì ti di ọjà, kí ni ewúrẹ́ náà yóò jẹ? Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn. Ìbéèrè yìí yẹ kí ó wà lórí tábìlì wọn, kì í ṣe ti màlúù nìkan.

7. Ìgúnlẹ̀ àti Àbá

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé oúnjẹ ẹran ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn, àti pé ìtàn náà kì í ṣe ìrìn-àjò láti inú òkùnkùn bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn tí ó so ewé rọ̀ sára òpó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí ó yí padà ni ilẹ̀, iṣẹ́ àti àkókò. Oko àárín igi dára nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n ó béèrè ẹ̀tọ́ tí obìnrin àti àlejò kò ní. Lílọ èèpo gbágùúdá rọrùn láti gbà nítorí ó bá ìmọ̀ àti ohun èlò tí ó wà nílẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó lè gba èèpo lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àbá wa ni pé kí ó má fi ìwé nìkan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ní àdúgbò orúkọ ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ, àkókò tí a ń já wọn, àti èyí tí a kì í fún ẹran. Kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa. Kí wọ́n wọn èèpo tí ó ń jáde ní ẹ̀rọ gàrí kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì bèèrè ibi tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń kó o. Ilé-ìwé tí ó bá ní àyè lè gbin agúnmániyẹ̀ ṣe ọgbà, níbi tí ìjà ilẹ̀ kò ti lè wáyé. Ẹ̀kọ́ èdè, ẹ̀kọ́ ìtàn, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pàdé pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí.

Ilé-ìwé ni ó gba ọmọ tí ń já ewé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọdún 1955. Ẹ̀tọ́ ni kí ilé-ìwé kan náà dá ìmọ̀ ewé náà padà fún àwọn ọmọ wọn. Bí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ bá jókòó tí ìmọ̀ yìí parun lójú wa, àwa ni àgbà tí ó wà nílé tí ewúrẹ́ fi kú sórí ìso.